Àrokò Ojú Títì: Ọ̀rọ̀ Tíráfíkétọ̀ àti Tírélà

Ní ayé àtijọ́, aláàárù tí ó bá ru ẹrù ńlá wọ inú ọjà kì í dákẹ́. Bí ó bá ti ń bọ̀ ni yóò máa ké pé, ‘Àgò lọ́nà o! Ẹ yà fún ẹlẹ́rù o!’ Ẹni tí ó wà níwájú yóò sì yà láì bojú wẹ̀yìn, nítorí ó mọ̀ pé ẹni tí ó ru ẹrù kò lè tètè dúró, kò sì lè tẹ orí ba wo ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré ni igbe náà, ṣùgbọ́n òfin ni pẹ̀lú. Bí aláàárù bá ké tí ẹnìkan kò yà, tí ẹrù sì gbá a, kò sí ẹni tí yóò bá a dárò. Bí aláàárù kò bá ké, orí rẹ̀ ni ẹ̀bi wà, ìbáà jẹ́ ẹrù ọba ni ó rù. Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí ni bí igbe yìí ṣe kúrò lẹ́nu ènìyàn bọ́ sí ọwọ́, tí ó ti ọwọ́ bọ́ sínú irin, tí ó sì ti inú irin di iná tí ń ṣẹ́jú lẹ́yìn tírélà. Àti ìdí tí iná náà fi máa ń yadi lójú ọ̀nà wa.

Kì í ṣe òní ni àwa Yorùbá ti ń fi ohun tí kò ní ẹnu sọ̀rọ̀. Àrokò ni àwọn baba wa ń pa ránṣẹ́ kí ìwé tó dé. Ẹyọ owó mẹ́fà ń wí pé ọkàn mi fà sí ọ. Mẹ́jọ ń wí pé ọ̀rọ̀ wa jọ ara wọn. Àrokò kò lè jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí ó pa á àti ẹni tí a pa á fún kò bá jọ mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ó sì gbọ́dọ̀ dé ní odindi: bí ẹyọ kan bá já bọ́ lọ́nà nínú mẹ́fà, márùn-ún tí ó kù kò lè fa ẹnikẹ́ni mọ́. Mo bẹ òǹkàwé kí ó fi ọ̀rọ̀ ẹyọ tí ó já bọ́ yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún kàn án níwájú. Àwọn awakọ̀ wa pàápàá kò gbàgbé àrokò. Títí di òní, bí ọkọ̀ bá dákú sójú ọ̀nà, ọmọ mọ́tò yóò wọ inú igbó, yóò já ewé tútù, yóò sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní gbọ̀ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ náà. Kò sí awakọ̀ tí yóò rí ewé tútù lórí ọ̀dà tí kò ní dẹ ẹsẹ̀. Ìjọba fẹ́ kí a máa gbé irin pupa onígun mẹ́ta síbẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ewé ni ó kọ́kọ́ dé.

Ọdún 1901 ni ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn láti Èkó. Ní ọdún 1906 ni wọ́n la ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní ni lọ́rì wá ń pọ̀ sí i, pàápàá nítorí kòkó, títí ó fi kan èyí tí a wá mọ̀ sí bọ̀lẹ̀kájà, tí orí rẹ̀ jẹ́ irin Òyìnbó tí ara rẹ̀ sì jẹ́ pákó káfíńtà ilé wa. Ẹni tí ó bá rántí bọ̀lẹ̀kájà yóò rántí pé kò sí bí awakọ̀ ṣe lè rí ẹ̀yìn. Pákó ti dí i, ènìyàn ti dí i, àpò gààrí ti dí i. Ọmọ mọ́tò tí ó so rọ̀ lẹ́yìn ni ojú rẹ̀, òun náà ni ẹnu rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ yà, òun ni yóò na ọwọ́, tí yóò lu ara pákó gbàgbàgbà, tí yóò sì kígbe mọ́ ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Aláàárù inú ọjà ni, àfi pé ẹrù ti kúrò lórí tirẹ̀ bọ́ sórí ẹsẹ̀ rọ́bà.

Awakọ̀ náà ní àmì tirẹ̀. Ní ọdún 1931 ni ìjọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ tẹ ìwé òfin ìrìnnà jáde, àwọn àmì ọwọ́ sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún yóò na ọwọ́ ọ̀tún gbọọrọ jáde lójú fèrèsé. Ẹni tí ó bá fẹ́ yà sósì yóò máa yí ọwọ́ kan náà po bí ẹni tí ń ro ọbẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ dẹ ẹsẹ̀ yóò máa gbé e sókè sódò. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni ó ń ṣe gbogbo rẹ̀, nítorí ọ̀tún ni awakọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń jókòó sí, ẹ̀gbẹ́ òsì títì ni wọ́n sì ń tọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe jogún rẹ̀. Ọwọ́ kò níláti ní bátìrì, kò ní wáyà, kì í jóná. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣú, kò sí ẹni tí ó rí i, bí òjò bá sì ń rọ̀, ta ni yóò ṣí fèrèsé?

Àwọn Jámánì ni wọ́n kọ́kọ́ fi irin rọ́pò ọwọ́ yìí dáadáa. Ní ọdún 1928 ni ilé iṣẹ́ Bosch gbé ọwọ́ irin kékeré kan jáde tí wọ́n sọ ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí ‘ajuwọ́’. Inú òpó tí ó wà láàrin ilẹ̀kùn méjì ni ó máa ń sùn sí. Bí awakọ̀ bá tẹ ohun ìtanná rẹ̀, òòfà inú rẹ̀ yóò fa irin, ọwọ́ náà yóò sì yọ síta pẹ̀lú gílóòbù kékeré tí ń tàn nínú rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ méjì lu ara wọn, wọ́n sì pè é ní tíráfíkétọ̀. Volkswagen tí àwa ń pè ní Ìjàpá ní in títí di ọdún 1960 ní ilẹ̀ Yúróòpù, Morris Minor sì ní in títí di 1961. Ó ní àrùn tirẹ̀: bí eruku àti ògùn-ún bá wọ inú òpó, ọwọ́ náà yóò há, awakọ̀ yóò sì máa fi ìkúùkù lu ara ọkọ̀ rẹ̀ kí ó tó yọ jáde.

Ohun kan wà níbí tí ó máa ń dùn mọ́ mi. Nígbà tí ọwọ́ irin náà kú ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ rẹ̀ bá a kú. Bí ènìyàn bá pe iná ọkọ̀ ní tíráfíkétọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí, àfi arúgbó ni yóò mọ ohun tí ó ń wí. Ṣùgbọ́n ní Ìbàdàn, ní Èkó, ní Àkúrẹ́, ọmọdé tí kò rí ọwọ́ irin rí láyé rẹ̀ ń pe iná tí ń ṣẹ́jú ní tíráfíkétọ̀. Àwa ni a gba òkú orúkọ náà tọ́. Èdè a máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Iná tí ń ṣẹ́jú fúnra rẹ̀ ti Amẹ́ríkà wá. Ní ọdún 1914 ni òṣèré sinimá kan, Florence Lawrence, ti ṣe àmì kan tí ń dìde lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀ bí ó bá fẹ́ yà, ṣùgbọ́n kò gba ìwé ẹ̀tọ́ lé e lórí, nítorí náà kò jèrè rẹ̀. Ó di ọdún 1939 kí ilé iṣẹ́ Buick tó fi iná tí ń ṣẹ́jú sára ọkọ̀ rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ wá. Ohun tí ń mú un ṣẹ́jú ni a ń pè ní fíláṣà. Irin pẹlẹbẹ kan ni ó wà nínú fíláṣà àtijọ́, oríṣi irin méjì tí a lẹ̀ pọ̀ mọ́ ara wọn, tí ooru kì í mú gùn ní ìwọ̀n kan náà. Bí iná mànàmáná bá ń gba inú rẹ̀ kọjá lọ sí gílóòbù, yóò gbóná, yóò tẹ̀, yóò sì já ọ̀nà iná. Gílóòbù kú. Irin náà tutù, ó nà padà, ọ̀nà iná so pọ̀, gílóòbù tàn. Ìró ‘káà-káà-káà’ tí a ń gbọ́ nísàlẹ̀ ìdarí ọkọ̀ nìyẹn. Òfin ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ni pé kí ó ṣẹ́jú láàrin ìgbà 60 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan.

Ẹ̀rọ tí kò gbọ́n ni, ṣùgbọ́n ó mọ iye ẹni tí ó wà lọ́ràn. Ìwọ̀n iná tí ń gba inú rẹ̀ kọjá ni ó ń pinnu bí yóò ṣe tètè gbóná tó. Ọkọ̀ kékeré ní gílóòbù wọ́ọ̀tì 21 kan níwájú, ó ní ọ̀kan lẹ́yìn, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 42. Bí ọ̀kan bá jó, fíláṣà náà kò gbóná tó, yóò máa fà tìkọ̀ tàbí kí ó dúró gbagidi. Nípa bẹ́ẹ̀ ni awakọ̀ fi ń mọ̀ pé nǹkan ti ṣe. Nígbà tí a bá wá so ọkọ̀ ẹ̀yìn mọ́ ọn, bóyá èyí tí a fi ń fa jẹnẹrétọ̀, gílóòbù kẹta á dé, wọ́ọ̀tì á di 63, irin náà á tètè gbóná, iná á sì máa sáré ṣẹ́jú bí ojú ẹni tí eruku wọ̀. Àwọn oníṣẹ́ rí èyí, wọ́n sì ṣe fíláṣà alágbára tí kò bìkítà iye gílóòbù. Ìwọ̀n kan náà ni yóò máa ṣẹ́jú, ìbáà jẹ́ méjì, ìbáà jẹ́ mẹ́fà. Wọ́n wo àrùn kan sàn, wọ́n dá òmíràn sílẹ̀. Fíláṣà tí kò mọ iye gílóòbù kò lè sọ fún awakọ̀ pé ọ̀kan ti kú. Iná aláwọ̀ ewé kékeré tí ó wà níwájú rẹ̀ yóò máa tàn, yóò máa kú, inú awakọ̀ yóò sì máa dùn pé òun ti sọ ọ̀rọ̀ òun, nígbà tí ẹ̀yìn tírélà dúdú bí ikùn ìkòkò. Ìdí nìyí tí òfin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi sọ pé ẹni tí ó bá ń fa ọkọ̀ ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ ní ohun kan níwájú tí yóò sọ fún un pé iná ti ẹ̀yìn náà ń ṣiṣẹ́.

Kí ni tírélà gan-an? Alágbẹ̀dẹ ni ó bí i, èyí tí yóò dùn mọ́ àwọn ọmọlẹ́yìn Ògún nínú. Ní ọdún 1914, oníṣòwò pákó kan ní ìlú Detroit, Frederic Sibley, fẹ́ gbé ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ lọ sí etí adágún. Ó tọ alágbẹ̀dẹ kan lọ, August Fruehauf, ẹni tí ó rọ ohun kan tí a lè so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ Ford. Nígbà tí ó ṣiṣẹ́, Sibley ní kí ó ṣe òmíràn tí yóò máa kó pákó. Ọdún kan náà ni Lugard so Àríwá àti Gúúsù Nàìjíríà pọ̀ mọ́ ara wọn. N kò sọ pé ọ̀kan bá èkejì tan o. Mo kàn ń wí pé ọdún ìsopọ̀ ni.

Ọ̀dọ̀ tiwa, ọdún 1970 lọ sókè ni tírélà gba ojú ọ̀nà. Owó epo dé, ilé kíkọ́ pọ̀. Ní ọdún 1975, ọkọ̀ ojú omi tí ó kó sìmẹ́ńtì tò sí etíkun Èkó débi pé ìròyìn rẹ̀ kàn káàkiri ayé. Ọkọ̀ ojú irin kò lè kó o tán, ó sì ti ń rẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Tírélà ni ó kó o. Títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978 sì dà bí ìgbà tí a tẹ́ ẹní fún wọn.

Ohun mìíràn ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú èyí. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, Nàìjíríà kúrò ní ẹ̀gbẹ́ òsì títì, ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, bí ti àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ tí wọ́n jẹ́ aládùúgbò wa. Àwọn òpìtàn wa kò sọ púpọ̀ nípa ohun tí èyí ṣe sí ọwọ́ awakọ̀. Ọkọ̀ àtijọ́ tí ìdarí rẹ̀ wà lọ́tùn-ún kò kúrò lójú ọ̀nà lọ́jọ́ kan. Awakọ̀ inú rẹ̀ tí ó bá na ọwọ́ jáde, igbó ni ó ń na ọwọ́ sí nísinsìnyí, kì í ṣe àárín títì tí ẹni ẹ̀yìn ti lè rí i. Àmì tí ó ti wúlò fún ogójì ọdún di asán ní òru ọjọ́ kan. Láti ìgbà náà ni gbogbo ẹrù ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí iná.

Iná sì ni rìwáyà ń tọ́jú. Òǹkàwé tí kò ní ọkọ̀ lè máa béèrè ẹni tí rìwáyà jẹ́. Òun ni oníṣẹ́ iná ọkọ̀ tí ń bẹ lábẹ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹkáníìkì, tí ó ní bátìrì kan, gílóòbù kan tí a so wáyà gígùn méjì mọ́, àti ọ̀bẹ. Mo ti jókòó ti ọ̀kan nínú wọn ní agbègbè Ọ̀jọ́ọ̀ ní Ìbàdàn ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ń wo tírélà tí tíráfíkétọ̀ rẹ̀ ń ṣe kántankàntan. Bí awakọ̀ bá ní kí tòsì tàn, iná ẹ̀yìn méjèèjì á máa ràn wúyẹ́wúyẹ́. Bí ó bá tẹ bíréèkì, ohun gbogbo á kú. Awakọ̀ ti ra gílóòbù tuntun lẹ́ẹ̀mejì. Rìwáyà kò wo gílóòbù rárá. Ó kọ́kọ́ yọ okùn iná tí ó so orí mọ́ ara tírélà, ó ní kí awakọ̀ tẹ̀ ẹ́. Orí nìkan ń ṣiṣẹ́ pé pérépéré. Ó ní, ‘Ẹ̀gbọ́n, orí yín kò dàrú, ara ni.’ A rẹ́rìn-ín. Ó wá fa wáyà gígùn kan láti ẹsẹ̀ òdì bátìrì, ó fi kan ara irin tírélà níbi tí ó ti ha ọ̀dà kúrò. Gbogbo iná tàn rekete.

Ohun tí ó ṣe ní ìtumọ̀. Iná mànàmáná dà bí arìnrìn-àjò: bí kò bá ní ọ̀nà àbọ̀, kò ní jáde nílé. Nínú okùn oníwáyà méje tí ń so tírélà mọ́ orí, wáyà funfun ni ọ̀nà àbọ̀ fún gbogbo wọn. Wáyà yẹ́lò ni ti tíráfíkétọ̀ òsì, wáyà aláwọ̀ ewé ni ti ọ̀tún. Ọ̀rọ̀ àwọ̀ mẹ́ta yìí ba ara mu ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù, èyí tí kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Bí wáyà funfun bá já, tàbí tí nọ́ọ̀tì tí ó dè é mọ́ ara irin dógùn-ún, iná tí ó lọ sí gílóòbù òsì kò rí ọ̀nà padà. Yóò wá yà wọ agboolé ẹlòmíràn: yóò gba inú gílóòbù bíréèkì tàbí ti ọ̀tún kọjá láti wá ibi tí yóò gbà dé ilé. Ìdí nìyẹn tí iná tí a kò pè fi ń dáhùn, tí èyí tí a pè sì ń ṣe bí aláìsàn. Àwọn kan a máa gbẹ́kẹ̀ lé irin tí ó so orí mọ́ ara tírélà pé òun náà lè jẹ́ ọ̀nà àbọ̀, ṣùgbọ́n gíríìsì ni a ń kùn síbẹ̀, gíríìsì kì í sì í jẹ́ kí iná kọjá dáadáa. Rìwáyà tú nọ́ọ̀tì náà, ó fi pépà gbo ó títí ó fi ń dán, ó dè é padà. Owó tí ó gbà kò tó owó gílóòbù tí awakọ̀ ti fi ṣòfò.

Àrùn mìíràn wà tí kì í ṣe ti ògùn-ún. Ilẹ̀ wa ń gba ọkọ̀ àlòkù láti ibi gbogbo, a sì ń so orí tí ó ti ìlú kan wá mọ́ ara tí ó ti ìlú mìíràn wá. Bátìrì ọkọ̀ ẹlẹ́rù ńlá ti Yúróòpù jẹ́ fóòtì 24. Ti Amẹ́ríkà sábà máa ń jẹ́ 12. Ẹni tí ó bá so orí 24 mọ́ tírélà tí gílóòbù rẹ̀ jẹ́ 12, iná yóò tàn yanran fún ìgbà díẹ̀, yóò sì jó. Bí ó bá jẹ́ òdìkejì rẹ̀, yóò máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹyín iná tí ń kú lọ. Ọ̀rọ̀ àwọ̀ tún wà níbẹ̀. Ní Yúróòpù, iná tíráfíkétọ̀ ẹ̀yìn jẹ́ àwọ̀ ọsàn, ó dá dúró lọ́tọ̀ sí pupa ti bíréèkì. Ní Amẹ́ríkà, òfin gbà kí gílóòbù pupa kan ṣoṣo máa ṣe iṣẹ́ méjèèjì, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọn, pàápàá píkọ́ọ̀pù, sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá wá so irú píkọ́ọ̀pù bẹ́ẹ̀ mọ́ ọkọ̀ ẹ̀yìn ti Yúróòpù láì fi ẹ̀rọ tí ń pín wọn sáàrin, nígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, iná ọ̀sàn méjèèjì ni yóò tàn. Àrokò ni wọ́n pa fún wa ní èdè kan, a sì ń kà á ní èdè mìíràn.

Èyí tí ó ń bà mí lẹ́rù jù ni èdè tí àwọn awakọ̀ tírélà fúnra wọn ti dá sílẹ̀, tí kò sí nínú ìwé òfin kankan. Lójú ọ̀nà tóóró, ẹni tí ó wà lẹ́yìn tírélà kò lè rí iwájú. Awakọ̀ tírélà a máa ràn án lọ́wọ́: bí iwájú bá mọ́, yóò tan tíráfíkétọ̀ ọ̀tún, tí ó túmọ̀ sí pé, ‘Ó yá, kọjá.’ Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ níwájú, yóò tan tòsì pé, ‘Dúró síbẹ̀.’ Inú rere ni, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn là. Ṣùgbọ́n iná kan náà ni ó tún ń wí pé, ‘Mo fẹ́ yà.’ Ẹni tí ó wà lẹ́yìn ni yóò fi òye mọ èyí tí ó jẹ́, ní àárín ìṣẹ́jú àáyá méjì, nínú èéfín.

Ẹ jẹ́ kí a wá rántí ẹyọ tí ó já bọ́. Tírélà kan dákú sórí gegele lóru. Awakọ̀ rẹ̀ ṣe ohun tí ó tọ́: ó tan tíráfíkétọ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, tí ó jẹ́ pé, ‘Ewu wà níbí, mo dúró.’ Ṣùgbọ́n gílóòbù òsì ti kú láti ọjọ́ mélòó kan, fíláṣà alágbára rẹ̀ kò sì sọ fún un. Ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn kò rí méjì. Ọ̀kan ni ó rí, ti ọ̀tún, tí ń ṣẹ́jú jẹ́jẹ́. Ó yára, ó sì bọ́ sí òsì láti kọjá, nítorí wọ́n ti sọ fún un pé iwájú mọ́.

Nígbà tí wọ́n dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1988, tí Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága àkọ́kọ́ rẹ̀, iná ọkọ̀ wà lára ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn ń yẹ̀ wò lójú ọ̀nà. Wọ́n ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Awakọ̀ tí wọ́n bá dá dúró lọ́sàn-án yóò tẹ òsì, yóò tẹ ọ̀tún, wọn yóò sì wo iwájú orí ọkọ̀. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹnìkan ń rìn dé ẹ̀yìn tírélà náà, tí ó jìnnà tó ilé méjì sí mẹ́ta.

Ní báyìí, àwọn iná tuntun tí ń pè ní LED ti ń gba ipò gílóòbù. Wọn kì í tètè kú, ṣùgbọ́n iná tí wọ́n ń jẹ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí fíláṣà ìgbàlódé tí ń ka gílóòbù fi máa ń rò pé wọ́n ti kú, tí yóò sì máa sáré ṣẹ́jú láìsí ìdí. Awakọ̀ tí kò mọ̀ yóò máa wá àrùn tí kò sí. Rìwáyà tí ó mọ̀ yóò pààrọ̀ fíláṣà. Ní ti àwọn tírélà tí kò ní èyí tàbí tọ̀hún, mo rí ọ̀kan láìpẹ́ yìí tí ó fẹ́ ṣẹ́rí padà sí ọ̀nà Èkó. Ọmọ mọ́tò rẹ̀ yọ ìdajì ara jáde lójú fèrèsé, ó na ọwọ́ tòun ti àkísà pupa, ó sì ń ké mọ́ wa kí a yà.